Tíṣà yìí kì í wá ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀: ṣé kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ ni?

Àdùkẹ́_Mọ́níyà | ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:50 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí. Mo kí ẹ̀yin tíṣà, mo sì kí ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí.

Ọ̀sẹ̀ méje rèé tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àjọ kan tó ń ran àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ní ìgbèríko. Ilé-ìwé mẹ́fà ni wọ́n fún mi, gbogbo wọn wà nínú oko lẹ́yìn Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Mo gbọ́dọ̀ dé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Màá jókòó ti tíṣà ní kíláàsì, màá kó àwọn ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà jọ, màá bá wọn kàwé fún wákàtí kan. Kí n tó kúrò, màá kọ iye ọmọ àti iye tíṣà tí mo bá níbẹ̀ sínú fóònù, màá fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì.

Aago márùn-ún àárọ̀ ni mo ń dìde. Màá wọ Micra láti Ọ̀jọ́ọ̀ dé Mọ́níyà, lẹ́yìn ìyẹn ó di ọ̀kadà. Bí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, ọlọ́kadà á sọ mí kalẹ̀ létí odò kékeré kan, á ní ọ̀kadà òun ò lè la ẹrẹ̀ yẹn kọjá. Màá bọ́ bàtà, màá ká ṣòkòtò, màá fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Mi ò fi èyí sùn. Bí mo bá ti ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ lọ́ọ̀ọ́kán, ara mi á yá.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé-ìwé náà, tíṣà mẹ́ta péré ló wà fún kíláàsì mẹ́fà, ọ̀gá ilé-ìwé sì wà lára àwọn mẹ́ta ọ̀hún. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, inú Ìbàdàn ló ti ń wá. Òun ló ni ìwé kẹta àti ìkẹrin. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ń dé ibẹ̀, mo sì máa ń bá a. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ẹ jọ̀ọ́, kí n sọ òótọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo padà lọ mú ìwé kan tí mo gbàgbé, mo bá àwọn ọmọ rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Mo wo pátákó, déètì Ọjọ́rú ló ṣì wà lójú rẹ̀. Mo bi àwọn ọmọ, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí: Àǹtí kì í wá ní Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì.

Lónìí ló dì mí lọ́wọ́ mú lẹ́yìn kíláàsì. Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n sọ fún mi pé o wá. Má kọ mí o." Sùpáfáísọ̀ mi sì ti wí fún wa pé ohun tí a bá rí ni ká kọ. Mi ò tíì fi tòní ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kejì. Àwọn ọmọ ilé-ìwé yìí kan náà, 47 ló wà nínú rẹ́jísítà. Iye tí mo bá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ rèé, láti ọ̀sẹ̀ kìíní dé òní: 41, 19, 38, 40, 39, 17, 42. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì àti ìkẹfà? Òjò ò rọ̀. Kò sí àìsàn. Mo bi ọ̀gá, ó kàn ní "bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

BàbáÌbejì_Òjòó | 8:05 alẹ́

Kọ ọ́. Owó ìlú ni wọ́n fi ń san owó-oṣù rẹ̀. Ọjọ́ méjì nínú márùn-ún, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọmọ ẹni ẹlẹ́ni wà lábẹ́ máńgòrò. Bó bá jẹ́ ọmọ tìrẹ ńkọ́?

TíṣàOko | 8:31 alẹ́

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí, ara mi ò gbà á, n ó sì sọ tinú mi.

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń kọ́ni lọ́nà Àkáńrán, ní Ọ̀nà-Àrà. Lálọ lábọ̀ lójoojúmọ́, mọ́tò méjì àti ọ̀kadà kan. Bí mo bá ṣírò owó ọkọ̀ tí mo ń ná lóṣù, ó ti ń lọ sí ìdajì owó-oṣù mi látìgbà tí epo ti wọ́n. Kò sí ilé tíṣà ní abúlé náà. Yàrá kan wà tí wọ́n kọ́ nígbà kan, àgbàrá ti gbé ògiri rẹ̀ lọ.

Kíláàsì méjì ni èmi náà ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo yí ìjókòó àwọn ìwé kẹta kọjú sí pátákó iwájú, mo yí ti ìwé ìkẹrin kọjú sí ti ẹ̀yìn, èmi nìkan wà láàárín. Bí mo bá ń kọ ìṣírò fún àwọn kan, àwọn yòókù á máa da àwòkọ kọ títí màá fi padà dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí aago kan bá fi máa lù, ohùn mi ti há.

Àbúrò mi Àdùkẹ́, èèyàn mẹ́ta ti wá kà wá kí irú yín tó dé. Ìkíní ka àga. Ìkejì ka ilé-ìgbẹ́. Ìkẹta ka àwa fúnra wa. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó padà wá sọ fún wa ohun tí kíkà náà bí. Ìdí nìyẹn tí ìyá yẹn fi di ọwọ́ rẹ mú. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀rù ń bà á ni.

BàbáÌbejì_Òjòó | 8:44 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n tíṣà, ẹ má bínú, mo gbọ́ ìrora yín. Mo ṣì ń béèrè ohun kan: àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ igi ńkọ́? Ta ló ń sọ̀rọ̀ fún wọn?

Ẹ̀gbọ́n_Fíìdì | 9:20 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ 41, 19, 38 yẹn, nítorí mo ti bá a pàdé, ó sì gbà mí lódidi ọdún kan kí n tó mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, ní Lágelú àti ní Ìdó.

Àdùkẹ́, béèrè ọjà abúlé yẹn. Mo fẹ́ẹ̀ lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ọjà ọrọọrún ni.

Ọ̀sẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ mẹ́rin ni. Bí a bá ka ọjọ́ ọjà òní mọ́ ti èyí tó ń bọ̀, ó di márùn-ún, ìyẹn la fi ń pè é ní ọrọọrún. Ilé-ìwé sì ń lo ọlọ́jọ́ méje. Méjèèjì kì í rìn pọ̀. Bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á tún bọ́ sí Sátidé, lẹ́yìn náà Ọjọ́rú, lẹ́yìn náà ọjọ́ Ìsinmi, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì, kó tó tún padà sí Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n gééré. Ìwọ tí ò ń dé ibẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́rin lo máa bá ọjà pàdé. Wo ìwé rẹ: ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló wà láàárín wọn.

Ẹ wá wo ohun tí èyí ń ṣe fún ọmọ. Nínú ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, ọjà máa ná lẹ́ẹ̀meje. Méjì bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, márùn-ún bọ́ sí ọjọ́ ilé-ìwé. Ogún ọjọ́ ni ilé-ìwé fi ń ṣí láàárín àkókò yẹn. Ọmọ tó bá ń bá ìyá rẹ̀ ru gààrí àti ẹ̀fọ́ lọ ọjà kò sí ní kíláàsì fún márùn-ún nínú ogún. Ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ báyẹn, bí tíṣà bá tilẹ̀ ń wá lójoojúmọ́. Níbi tí ọjà bá jẹ́ ìsán, ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ ni, ó fúyẹ́ díẹ̀, márùn-ún nínú ogójì. Abúlé kan sì lè wà láàárín ọjà méjì.

Ọ́fíìsì ò lè rí i láé, nítorí inú kàlẹ́ńdà ọlọ́jọ́ méje ni fọ́ọ̀mù wọn wà. Wọ́n á kọ ọ́ pé "àwọn òbí ò ka ẹ̀kọ́ sí." Inú mi ṣì ń bàjẹ́ pé èmi náà kọ gbólóhùn yẹn ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, nípa àwọn ìyá tó jẹ́ pé owó ọjà yẹn ni wọ́n fi ra ìwé.

Bí ìṣírò mi bá tọ̀nà, ọ̀la tí í ṣe Ọjọ́rú, ọjà ni. Lẹ́yìn náà Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn náà ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Lọ wádìí.

N ó padà wá sórí ọ̀rọ̀ tíṣà náà.

Àdùkẹ́_Mọ́níyà | Ọjọ́rú, 2:15 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n! Mo pe ọ̀gá ilé-ìwé láàárọ̀ yìí. Ọmọ mẹ́rìndínlógún ló wá. Mo ní, "Sà, ṣé ọjà ni?" Ó ní, "Ọjà ni. O ò béèrè tẹ́lẹ̀." Lóòótọ́, mi ò béèrè. Ìdí ni mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò béèrè ọjà.

ỌmọÀgbẹ̀_Ìdíayùnrẹ́ | 3:40 ọ̀sán

Ẹ ṣé tí ẹ gbèjà àwọn ìyá. Ẹ fi ìgbà kòkó kún un. Lọ́dọ̀ wa ní Olúyọ̀lé, láti September títí dé ìparí ọdún, a kì í ní ọwọ́ tó pọ̀ tó. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè kó èso kòkó jọ sójú kan kí àgbà wá là á. Bí a bá gba òṣìṣẹ́, owó rẹ̀ á jẹ èrè tán. Kì í ṣe pé a ò mọ iyì ìwé.

Bàbá mi wà lára àwọn tó wọlé ní January 17, 1955, lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀. Ẹnikẹ́ni ò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Tíṣà ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kó fi kan etí òsì. Kò kàn án lọ́dún àkọ́kọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ìyá rẹ̀ mú un lọ sílé, ó ń fà á lọ́wọ́ lálaalẹ́ kó lè gùn. Bàbá ń sọ ìtàn yẹn fún wa títí ó fi lọ. Ilé tí wọ́n ti ń fa ọmọ lọ́wọ́ kó lè wọ ilé-ìwé ni mo ti wá.

Ní ti tíṣà yẹn, mo fẹ́ bi Àdùkẹ́ léèrè: ṣé ẹ ti bi abúlé bóyá wọ́n ní yàrá? Níbí, ìdílé kan fún tíṣà wa ní yàrá kan. Ọjọ́ Ajé ló ń dé, ọjọ́ Ẹtì ló ń padà. A kì í gba owó, a máa ń fi iṣu àti epo kún un. Kò sí ẹni láti òkè tó pàṣẹ rẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ni láti ṣí ẹnu sọ ọ́.

Ìyá_Olùkọ́Fẹ̀yìntì | 6:10 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi Àdùkẹ́, o sọ pé ò ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kà kàwé fún wákàtí kan. Ìwé wo? Ní èdè wo? Kò sí ẹni tó béèrè, bẹ́ẹ̀ ni ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi lọ.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ni, mo fi mẹ́jọ nínú rẹ̀ ṣe alábòójútó. Mo ti jókòó ti ọmọ ìwé kẹrin tó ń ka ojú ewé Gẹ̀ẹ́sì kan geere, mo wá fi ọwọ́ bo àwòrán, ó dákẹ́. Ó ti há a sórí ni. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá. Lẹ́tà 25 ni ábídí wa, kọ́ńsónáǹtì 18, fáwẹ̀lì 7. Bí ọmọ bá ti lè so "b" mọ́ "a", kó so ó mọ́ "ẹ", ọ̀nà kan náà ló máa gbà so gbogbo rẹ̀; lẹ́tà kì í yí ohùn padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohùn òkè àti ìsàlẹ̀, fi dò, re, mí kọ́ ọ, jẹ́ kó pàtẹ́wọ́ sí i. Mo ti rí ọmọ tó jókòó lásán fún ọdún mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbólóhùn kúkúrú láàárín sáà kan.

Kì í ṣe èrò mi nìkan. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ìwé St Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan láàyè tirẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò kẹ́yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Èkejì, má fi kíláàsì pín wọn. Lórílẹ̀-èdè Íńdíà, àwọn àjọ Pratham, tó bẹ̀rẹ̀ ní Mumbai, ti ń fi ìwé pélébé kan yẹ ọmọ wò láti 2005: lẹ́tà, ọ̀rọ̀, ìpínrọ̀ kékeré, ìtàn. Ibi tí ọmọ bá dúró ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ìbáà jẹ́ ìwé kẹta ló wà, ìbáà jẹ́ ìkarùn-ún. Ìwọ náà lè kọ irú rẹ̀ sínú ìwé ìléwọ́ rẹ lálẹ́ òní. Kò ná ọ ní kọ́bọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kí o ṣọ́ra fún. Àwọn ọmọ Àgàtú àti àwọn ọmọ Ègùn tí òbí wọn ń ṣiṣẹ́ oko lọ́dọ̀ wa pọ̀ nínú oko Akínyẹlé, àti àwọn ọmọ Fúlàní pẹ̀lú. Yorùbá kì í ṣe èdè ilé wọn. Jókòó tì wọ́n pẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ, kí o tó kọ sínú ìwé pé wọn ò mọ nǹkan kan.

TíṣàOko | 6:52 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun, Mà. Fọwọ́ bo àwòrán. Màá ṣe é lọ́la.

Ẹ̀gbọ́n_Fíìdì | 9:05 alẹ́

Mo ṣèlérí pé n ó padà wá.

Àdùkẹ́, o ò lè parọ́ nínú fọ́ọ̀mù. Bí o bá kọ ọ́ pé ìyá yẹn ń wá lójoojúmọ́, wọn ò ní fi tíṣà kẹrin ránṣẹ́ síbẹ̀ láé, nítorí lójú ìwé, ohun gbogbo pé. Bàbá Ìbejì tọ̀nà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà lásán náà, irọ́ ni, bí kò bá gbé ìdí dání. Kọ ọ́ pé tíṣà mẹ́ta ló wà fún kíláàsì mẹ́fà. Kọ ibi tó ti ń wá. Kọ iye owó ọkọ̀. Kọ ọ́ pé kíláàsì méjì ló ń kọ́ papọ̀. Àyè "àlàyé" tó wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù yẹn, ọ̀pọ̀ wa kì í kọ nǹkan kan sí i, nítorí ọlọ́kadà ti ń fọn fèrè.

Kí o tó fi ránṣẹ́, lọ kà á sí ìyá náà létí. Gbogbo ohun tí o bá kọ nípa tíṣà, jẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Mo ṣe òdìkejì èyí lẹ́ẹ̀kan. Tíṣà náà gba ìwé ẹ̀sùn láti ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, ó mọ̀ pé èmi ni. Kò bínú, kò bú mi. Ó kàn ń pè mí ní "Sà" láti ọjọ́ yẹn, àgbà tó ń pè mí ní "ọmọ mi" tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́fà ti kọjá, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ohun mìíràn tí o lè rí níbẹ̀: oúnjẹ ilé-ìwé tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ìwé kìíní sí ìkẹta ni wọ́n ṣe é fún. Lọ́jọ́ tó bá wà, ọmọ ìwé kẹrin á dúró máa wo àbúrò rẹ̀ tó ń jẹun. Bí kíláàsì ìkẹrin bá ń dínkù lọ́sàn-án, wo ìyẹn kí o tó wo tíṣà.

BàbáÌbejì_Òjòó | 9:30 alẹ́

Mo fara mọ́ èyí. Kíkọ ọ́ ni mo ní kó ṣe, mi ò ní kí wọ́n lé ìyá náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Àdùkẹ́_Mọ́níyà | ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn náà, 10:20 òwúrọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Mo ka ohun tí mo kọ sí ìyá náà létí, nínú kíláàsì, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ. Mo kọ owó ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe kà á fún mi. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní kí n fi kún un pé òun ti kọ̀wé béèrè ìyípadà sí ilé-ìwé tó súnmọ́lé lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi kún un. Lẹ́yìn náà ó gbé báàgì rẹ̀, kò dágbére fún mi. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ó kí mi, àmọ́ kò gbà kí n jókòó nínú kíláàsì rẹ̀. Ó dùn mí. Mo jókòó síta pẹ̀lú àwọn tèmi.

Sùpáfáísọ̀ pè mí. Ó ní àlàyé mi ti gùn jù. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán." Ó ní òun ti kà á tán, òun máa gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan láti ibẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé mú mi lọ bá baálẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ yàrá gẹ́gẹ́ bí ỌmọÀgbẹ̀ ṣe wí. Baálẹ̀ ní yàrá kan wà nílé àbúrò òun, òrùlé rẹ̀ ń jò. Wọ́n ti kó páànù síbẹ̀ lánàá. Ìyá tíṣà ò tíì sọ pé òun máa gbà á. Ó ní òun ní ọmọ-ọmọ kan tí òun ń tọ́ nílé, ẹni tó máa dúró tì í lálẹ́ lòun ń wá.

Ní ti ọjà: Ọjọ́bọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ Ajé, bẹ́ẹ̀ ni. Àná ọjọ́ Ẹtì, ọmọ méjìdínlógún. Gbogbo rẹ̀ ló bọ́ síbi tí Ẹ̀gbọ́n wí. Mo ti ya ọjọ́ ọjà sórí káàdì kan láti ìsinsìnyí títí dé òpin sáà, ọ̀gá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní láti ìsinsìnyí, òun ò ní fi ìdánwò sí ọjọ́ ọjà mọ́, àti pé iṣẹ́ tuntun ò ní bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mà, mo fi ọwọ́ bo àwòrán. Ọmọ mọ́kànlá nínú mẹ́rìnlá ló dákẹ́. Mo gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ba, bẹ, bi." Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn, ọmọ Àgàtú, tí mo ti kọ sínú ìwé pé "kò mọ lẹ́tà kankan." Mo jókòó tì í pẹ́ bí ẹ ṣe wí. Ó mọ lẹ́tà mẹ́rìndínlógún. Ojú ló ń tì í láti pè wọ́n sókè. Mo ti fa igi lé ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀.

Ìyá_Olùkọ́Fẹ̀yìntì | 11:02 òwúrọ̀

Ọlọ́run á máa bá ọ lọ, ọmọ mi. Bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń pe omi, ilé àti ìyá ní èdè tiwọn. Kọ ọ́ sílẹ̀ fún un kó rí i.

TíṣàOko | 11:15 òwúrọ̀

Àbúrò, bí mo ṣe kà á, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni ọjà tún máa bọ́ sí ọjọ́ tìrẹ gan-an. Kí lo fẹ́ ṣe? Ṣé Ọjọ́rú lo máa lọ ni?

Àdùkẹ́_Mọ́níyà | 11:31 òwúrọ̀

Ìṣẹ́gun náà ni. Baálẹ̀ ní ìdí igi kan wà lójú ọ̀nà tí àwọn ìyá ti máa ń dúró de ọkọ̀ ọjà láti aago mẹ́fà ààbọ̀, tàwọn tọmọ wọn. Màá ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ìyá tíṣà ní òun náà máa tètè kúrò nílé, pé kí n dúró de òun ní Mọ́níyà ká jọ gun ọ̀kadà kan.